Kẹ̀kẹ́ Tí Àjàlá Kọ́kọ́ Gùn

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Fádèyí, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò bá lè jókòó síbì kan, tó ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn, Àjàlá ni olùkọ́ máa ń pè é. Bí bàbá kan ládùúgbò bá ti Ìbàdàn dé lánàá, tó tún ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sí Ìlọrin lónìí, Àjàlá náà ni. Èmi pàápàá ti jẹ orúkọ yìí rí, nítorí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi tí mo máa ń gùn kiri àwọn òpópónà Ṣómólú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo rò pé ẹni inú àlọ́ ni Àjàlá, bíi Ìjàpá. Ìyá àgbà mi ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, àti pé Bàrígà tó wà lẹ́yìnkùlé wa níbí ló gbé kẹ́yìn ayé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí rẹ̀.

Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa Ọláàbísí Àjàlá ni Vespa rẹ̀. Ní 1957 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gun alùpùpù náà kiri ayé. Ọdún mẹ́fà ló fi rìn, ó sì dé orílẹ̀-èdè 87. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀, An African Abroad, tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1963. Nígbà tí Ebenezer Obey wá kọ orin nípa rẹ̀ ní 1972, orúkọ náà di tẹrú-tọmọ. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ṣáájú Vespa, Àjàlá ti rin ìrìn kan tó yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Kò sí ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀, kò sí epo. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi wà á.

Ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, Èkó ló sì dàgbà sí. Ó lọ sí Baptist Academy ní Èkó àti Ibadan Boys' High School. Lẹ́yìn èyí ló wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ìlú Chicago ló wà ní oṣù kẹfà ọdún 1952, nígbà tó gun kẹ̀kẹ́, tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tó ní Los Angeles lòun ń lọ.

Máìlì 2,280 ni. Ọjọ́ 28 ló fi rìn ín. Mo jókòó ti ìwé ìṣirò mi, mo pín in: ó lé ní máìlì 81 lójúmọ́. Ẹni tí iye yìí kò bá yé, kó wo ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó jẹ́ nǹkan bíi máìlì 79. Ó túmọ̀ sí pé bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn lójoojúmọ́ ni, fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èmi tí mo bá gùn ún láti Fádèyí dé Onípanu, orúnkún mi a máa bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀nà Amẹ́ríkà ìgbà náà kò sì rí bíi ti ìsinsìnyí. Ọdún 1956 ni Ààrẹ Eisenhower tó fọwọ́ sí òfin tí wọ́n fi la àwọn ọ̀nà márosẹ̀ ńláńlá tó ń yẹ ìlú sílẹ̀. Ní 1952, àárín ìlú àti abúlé gan-an ni ọ̀nà ń gbà. Ẹni tó bá fi kẹ̀kẹ́ kúrò ní Chicago yóò kọ́kọ́ gba àárín oko àgbàdo lọ, lórí ilẹ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀ bí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, láti abúlé kan dé òmíràn. Yóò kọjá lórí odò Mississippi. Yóò pọ́n àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Rocky Mountains. Lẹ́yìn òkè, aṣálẹ̀ ló kù, nínú oòrùn oṣù keje. Nínú mọ́tò, èèyàn lè sùn kọjá abúlé láì mọ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, gbogbo ojú ló ń rí ọ, ìwọ náà sì ń rí gbogbo wọn.

Pé kí wọ́n rí òun gan-an ni Àjàlá fẹ́. Agbádá ló wọ̀, ó sì wé láwàní. Agbádá, lórí kẹ̀kẹ́! Ẹni tí ṣéènì bá ti jẹ ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣòkòtò ilé ẹ̀kọ́ mi kan ti tibẹ̀ ya, ìyá mi kò sì tíì gbàgbé. Àjàlá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà pé ìhòòhò ni àwa ènìyàn Áfíríkà ń rìn, ó sì fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí aṣọ tí bàbá rẹ̀ ń wọ̀. Níbi tó bá dúró sí lójú ọ̀nà, a máa bá wọn sọ̀rọ̀ nípa Nàìjíríà.

Kì í ṣe eré ọmọdé rárá. Amẹ́ríkà ìgbà náà kò rọrùn fún adúláwọ̀ tó bá ń rìnrìn àjò. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura kì í gbà wọ́n, ọ̀pọ̀ búkà kì í tà fún wọn, àwọn ìlú mìíràn sì wà tí adúláwọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá òun níbẹ̀. Victor Hugo Green, adúláwọ̀ tó ń pín lẹ́tà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan ní 1936 tó ń sọ ibi tí wọ́n ti lè sùn àti ibi tí wọ́n ti lè jẹun. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn ìrìn Àjàlá ni wọ́n tó tẹ èyí tó kẹ́yìn nínú ìwé náà. Ẹni tó wà nínú mọ́tò lè tẹná mọ́ ọn kó sá lọ. Kí ni ẹlẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ fẹ́ ṣe?

Ó dé Los Angeles nínú oṣù keje. Ibí yìí ni ìtàn náà ti ká mi lára jù. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ní Hollywood rí i, wọ́n fún un níṣẹ́ nínú fíìmù White Witch Doctor, tí Susan Hayward àti Robert Mitchum kópa nínú rẹ̀, tó jáde ní 1953. Orúkọ fíìmù náà nìkan ti tó. Áfíríkà onígbó àti oníṣègùn tó ń dẹ́rù bani ni wọ́n tún fi hàn níbẹ̀, irú Áfíríkà tí Àjàlá wọ agbádá rin máìlì 2,280 láti takò. Àwọn kan lè ní ó ta ara rẹ̀. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lókèèrè láìsí owó ni, iṣẹ́ tí wọ́n sì ní fún adúláwọ̀ nínú fíìmù nígbà náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí n lè bi í léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òun àti ìjọba Amẹ́ríkà jọ wọ ìjà lórí ìwé ìgbélùú, wọ́n sì dá a padà. Vespa ló kù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1999 ló kú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ kọjá òkè àti aṣálẹ̀.

Lónìí, bí mo bá dúró sí ibùdókọ̀ Fádèyí, mo máa ń wo Ìkòròdú Road. Láti 2008 ni wọ́n ti ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT níbẹ̀, láti Mile 12 dé CMS. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò ní tirẹ̀. Síbẹ̀ òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 kò gbàgbé kẹ̀kẹ́ ológeere; ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa fún un ní ìwé àṣẹ, pẹ̀lú ọmọlanke. Ìyá mi kò jẹ́ kí n fi kẹ̀kẹ́ sọdá ọ̀nà náà, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo ti kẹ̀kẹ́ lọ sí Bàrígà, ó ti jò lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Bàbá tó ń lẹ táyà níbẹ̀ ti dàgbà gan-an. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ pé Àjàlá gun kẹ̀kẹ́ ológeere la Amẹ́ríkà kọjá.

“Kẹ̀kẹ́ kẹ̀, ọmọ mi?” Wọ́n gbé ojú sókè wò mí. “Vespa ni.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti Chicago dé Los Angeles. Wọ́n fọwọ́ lé páǹpù, wọn kò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i mọ́ títí mo fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Táyà mélòó ló jò mọ́ ọn lọ́wọ́?”