Awakọ̀ Àyálò: Ta Ni Yóò Sanwó Ìjàǹbá?

Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mélòó kan ní kí a kọ nǹkan nípa adójútòfò fún àwọn tí ń wa lọ́rì fún ẹjẹ́ńsì. Àwọn ìdílé wa tí ó ń gbé ní Whalebone, ní Barking àti Dagenham, mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹjẹ́ńsì á pè ní alẹ́ pé kí ènìyàn lọ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní àárọ̀ ọ̀la. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́rì kì í ṣe ti ẹjẹ́ńsì, ẹrù kì í ṣe ti awakọ̀, ẹni tí ó ń san owó iṣẹ́ kọ́ ni ó sì ń pàṣẹ. Bí lọ́rì náà bá wá fi ẹ̀yìn gbá ènìyàn ńkọ́? Àwa tí ìṣirò owó jẹ́ iṣẹ́ wa máa ń rí ìwé adójútòfò lórí tábìlì lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó bí ìwé náà kì í sí nínú rẹ̀. Ìtàn ọ̀hún gùn, ibi tí ó sì ti dunni jù nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Romford tí ó wà ní itòsí wa níhìn-ín.

Orúkọ Whalebone pàápàá ní ìtàn tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi sọ́nà kí a tó tẹ̀síwájú. Egungun ẹja àbùùbùtán ni. Daniel Defoe kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ ní ọdún 1724 pé wọ́n gbé egungun àbùùbùtán ńlá kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, èyí tí wọ́n rí nínú odò Thames ní 1658, ọdún tí Oliver Cromwell kú. Ọ̀nà náà ni ó ti London lọ sí Romford àti Colchester, ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni ó sì ń rìn lórí rẹ̀ ní ayé ìgbà náà.

Láti orí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni ọ̀rọ̀ awakọ̀ àyálò ti bẹ̀rẹ̀, kí mọ́tò tó dé rárá. Olówó tí kò fẹ́ ìyọnu à ń bọ́ ẹṣin lè ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ nílé, kí ó sì háyà ẹṣin méjì pẹ̀lú ẹni tí yóò darí wọn lọ́wọ́ onílé-ẹṣin. Ẹ ó rí i pé ẹjẹ́ńsì ni onílé-ẹṣin yìí, orúkọ ni kò tíì ní. Ní 1826, ẹjọ́ Laugher àti Pointer dé iwájú adájọ́ mẹ́rin ní London lórí irú ìháyà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rú wọn lójú débi pé wọ́n pín sí méjì-méjì: méjì ní ẹni tí ó háyà ni yóò sanwó, méjì ní kì í ṣe òun.

Ọdún 1840 ni wọ́n tó rí ojútùú rẹ̀, nínú ẹjọ́ Quarman àti Burnett. Àwọn obìnrin méjì kan ní kẹ̀kẹ́ tiwọn, wọ́n sì máa ń háyà ẹṣin àti awakọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan tí ó ń fi ẹṣin ṣòwò. Awakọ̀ kan náà ni ó máa ń bá wọn lọ, wọ́n tilẹ̀ dá ẹ̀wù àti fìlà fún un kí ó lè dà bí ọmọ ilé wọn. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n dé, ó wọlé lọ fi fìlà náà sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó di ìjánu mú, ni ẹṣin bá sá, ni kẹ̀kẹ́ bá lọ kọlu ti ẹlòmíràn. Adájọ́ Parke sọ pé kì í ṣe àwọn obìnrin méjì náà ni yóò sanwó. Ẹni tí ó gba awakọ̀ síṣẹ́, tí ó ń san owó ọ̀sẹ̀ fún un, tí ó lè lé e kúrò, òun ni ọ̀gá rẹ̀. Fìlà kò sọ ọ́ di ọmọ ilé ẹlòmíràn. Nígbà tí a bá rí àwọn ọmọ wa nínú jákẹ́ẹ̀tì títàn yanran tí a kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá sí lẹ́yìn, tí ó sì jẹ́ pé ẹjẹ́ńsì ni ó ń sanwó fún wọn, fìlà yẹn ni a máa ń rántí.

Mọ́tò wá dé, ikú sì pọ̀ lójú títì. Òfin Ìrìnnà Ojú Ọ̀nà ti 1930 ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan ní Bìrìtéènì pé kí onímọ́tò ní adójútòfò fún ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ ṣe léṣe, òfin náà sì múlẹ̀ ní January 1931. Ní October ọdún kan náà ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ilé-iṣẹ́ Ford ní Dagenham. Ní Nàìjíríà, ọdún 1945 ni wọ́n ṣe òfin tiwa lórí èyí. Ṣùgbọ́n kí ìwé adójútòfò tó wọ ọkàn àwọn ènìyàn nílé, onígbọ̀wọ́ ni olówó ọkọ̀ ń béèrè. Bóyá ní Ìbàdàn ni o, bóyá ní Ìjẹ̀bú, dẹ́rẹ́bà tí ó fẹ́ gba lọ́rì lọ́wọ́ ọlọ́rì ní láti mú ẹni tí ó ní ilé tàbí oko wá, tí yóò fọwọ́ sí i pé bí nǹkan bá ṣe ọkọ̀, òun ni kí wọ́n mú. Ọgbọ́n kan náà ni, àfi pé onígbọ̀wọ́ mọ ọmọ tí ó dúró fún, ó lè bá a wí. Adójútòfò kò mọ ẹnikẹ́ni.

Ní 1946, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, tí ó jẹ́ kóòtù tí ó ga jù nígbà náà, gbọ́ ẹjọ́ kan láti Liverpool tí ó di ìpìlẹ̀ gbogbo ìwé àdéhùn ẹjẹ́ńsì. Àjọ tí ó ni èbúté fi ẹ̀rọ agbẹ́rù kan háyà fún ilé-iṣẹ́ Coggins & Griffith, pẹ̀lú ẹni tí ń darí rẹ̀. Nínú àdéhùn, wọ́n kọ ọ́ gedegbe pé òṣìṣẹ́ ẹni tí ó háyà ni awakọ̀ náà yóò jẹ́. Ó ṣe ènìyàn léṣe. Nígbà tí wọ́n bi í ní kóòtù ta ni ó ń pàṣẹ fún un, ó dáhùn pé òun kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. (Ẹ ò rí i pé kò sí ibi tí dẹ́rẹ́bà kò ti rí bákan náà láyé!) Àwọn Lọ́ọ̀dù dájọ́ pé àjọ èbúté ni yóò san. Wọ́n ní ohun tí ilé-iṣẹ́ méjì bá kọ sínú àdéhùn ara wọn kò lè yí ipò ẹni tí wọ́n ṣe léṣe padà, àti pé ẹrù wúwo ni ó wà lọ́rùn ọ̀gá tí ó fẹ́ sọ pé òun ti fi òṣìṣẹ́ òun fún ẹlòmíràn pátápátá.

Ó dára. Ẹni tí wọ́n ṣe léṣe ti rí ẹni tí yóò san án. Ṣùgbọ́n awakọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí ó sanwó ha lè padà wá bá a? Ibí ni Romford ti wọlé.

Ní January 1949, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lister ń wa lọ́rì fún ilé-iṣẹ́ Romford Ice and Cold Storage. Ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà ni bàbá tí ó bí i, nítorí ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó gba àwọn méjèèjì. Wọ́n lọ kó ìdọ̀tí ní ilé ìpẹran kan ní Romford. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ọmọ ń fi ẹ̀yìn rìn wọ àgbàlá, ó sì fi lọ́rì gbá bàbá rẹ̀. Bàbá kò pe ọmọ lẹ́jọ́. Ilé-iṣẹ́ ni ó pè, nítorí ọ̀gá ni ó ń dáhùn fún àṣìṣe òṣìṣẹ́, wọ́n sì dá £1,600 fún un pẹ̀lú owó ẹjọ́. Adójútòfò ilé-iṣẹ́ san án. Títí dé ibí yìí, gbogbo nǹkan lọ bí ó ti yẹ kí ó lọ.

Lẹ́yìn náà ni adójútòfò gba ipò ilé-iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ti fún un láyè, ó lo orúkọ ilé-iṣẹ́, ó sì pe ọmọ lẹ́jọ́ pé kí ó dá gbogbo owó tí bàbá rẹ̀ gbà padà. Ilé-iṣẹ́ kò tilẹ̀ bá wọn sí i. Ẹ fi ojú inú wò ó bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín: owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ bàbá, kí ó wá di gbèsè lọ́rùn ọmọ. Agbẹjọ́rò ọmọ sọ pé ọ̀gá tí ó fi lọ́rì lé ènìyàn lọ́wọ́ ti gbà láìsọ pé adójútòfò yóò bo onítọ̀hún pẹ̀lú. Adájọ́ Denning gbà bẹ́ẹ̀ ní Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó gbà á níbẹ̀. Ní December 1956, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù dá ẹjọ́ náà ní mẹ́ta sí méjì: awakọ̀ jẹ ọ̀gá rẹ̀ ní gbèsè ìṣọ́ra, ó kùnà, kí ó san án.

Ariwo tí ó tẹ̀lé e kò kéré. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò sì rí i pé bí àwọn kò bá tètè ṣe nǹkan, òfin tuntun yóò dé. Wọ́n bá ara wọn dá àdéhùn ọmọlúàbí pé àwọn kò ní í lépa òṣìṣẹ́ fún owó tí àwọn bá san lórúkọ ọ̀gá rẹ̀, àfi bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí bí ó bá lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn. Àdéhùn náà ṣe rere. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni, kò sí ilé aṣòfin tí ó sọ ọ́ di òfin, ìdájọ́ Lister sì wà nínú ìwé títí di òní láìsí kóòtù tí ó fagi lé e.

Ẹ kíyè sí ohun tí àdéhùn náà sọ: adójútòfò ọ̀gá, àti òṣìṣẹ́ ọ̀gá náà. Awakọ̀ àyálò ní ọ̀gá méjì, tàbí kí ó má ní ọ̀kan. Àlàfo yìí hàn kedere ní 1973 nínú ẹjọ́ Morris àti Ford Motor Company. Òṣìṣẹ́ Ford kan tí ń wa ọkọ̀ kékeré agbẹ́rù ṣe Morris léṣe. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ agbálẹ̀ kan tí Ford gbà wọlé ni Morris. Ford ní láti sanwó, ṣùgbọ́n nínú àdéhùn wọn, ilé-iṣẹ́ agbálẹ̀ ti gbà láti gbé irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́rùn Ford. Ilé-iṣẹ́ agbálẹ̀ náà wá ní òun yóò lépa awakọ̀. Òun kì í ṣe adójútòfò, nítorí náà àdéhùn ọmọlúàbí kò dè é. Denning, tí ó ti di olórí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn nígbà náà, kọ̀ fún un, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ méjì yòókù sì bá a kọ̀. Lójú tiwa, ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ kò tọ́ tààrà nínú òfin, ṣùgbọ́n ibi tí ó gúnlẹ̀ sí dára.

Lẹ́yìn èyí ni kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù. Ní 2005, nínú ẹjọ́ Viasystems, wọ́n dájọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ọ̀gá méjì lè dáhùn pọ̀ fún òṣìṣẹ́ kan, kí wọ́n sì san án ní ìdajì-ìdajì. Ní 2006, wọ́n ní ilé ijó kan ni yóò dáhùn fún ẹ̀ṣọ́ tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ fi ránṣẹ́ sí i, nítorí ilé ijó náà ni ó ń darí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Nítorí ìdájọ́ wọ̀nyí ni ìwé adójútòfò ẹjẹ́ńsì fi nípọn bí ó ti rí lónìí. Lọ́rì fúnra rẹ̀, ẹni tí ó háyà awakọ̀ ni ó sábà ń ní adójútòfò tirẹ̀, nítorí òfin 1988 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo ọkọ̀ lójú títì, tàbí kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó, láìsí ìwé. Ẹjẹ́ńsì tí ó gba òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní adójútòfò tí kò dín ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ún fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, lábẹ́ òfin 1969 tí ó múlẹ̀ ní 1972. Èyí tí ó kù ni àlàfo àárín: bọ́ńpà tí ó fọ́, ẹrù tí ó dà sílẹ̀, àti owó àkọ́kọ́ tí onílọ́rì ní láti san lápò ara rẹ̀ kí adójútòfò tirẹ̀ tó dá sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní excess. Ilé-iṣẹ́ tí ó háyà á kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹjẹ́ńsì ni yóò san ìyẹn. Ẹjẹ́ńsì tí ó bá gbọ́n a ra ìwé mìíràn fún un, adójútòfò àìbìkítà awakọ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èyí tí kò bá rà á a máa wo ọwọ́ awakọ̀.

Òfin ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ti 1996 sọ pé a kò gbọdọ̀ yọ owó kúrò nínú owó iṣẹ́ ènìyàn àfi bí òfin bá pàṣẹ rẹ̀, tàbí bí ó bá wà nínú àdéhùn iṣẹ́ tí a ti fi hàn án, tàbí bí òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí tí ó bá sì wáyé lẹ́yìn ìjàǹbá kò ka ìjàǹbá náà mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ni wọ́n ti sọ fún pé kí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kékeré tiwọn sílẹ̀ kí owó orí lè fúyẹ́. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè rí i ní ọjọ́ ìjàǹbá pé òun kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni, pé ilé-iṣẹ́ bá ilé-iṣẹ́ dòwò pọ̀ ni. Òfin owó orí tí ó yí padà ní April 2021 dín àǹfààní rẹ̀ kù gan-an, síbẹ̀ a ṣì ń rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì wa. Àkọ́kọ́ tí a máa ń wò nínú rẹ̀ ni ojú ewé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ ọkọ̀ sí, àti déètì tí awakọ̀ fọwọ́ sí i.