Ṣọ́ọ̀ṣì Kátídírà Marina: Ògiri Gẹ̀ẹ́sì, Ohùn Yorùbá

Bí ènìyàn bá gba Marina kọjá ní Èkó, kò ní ṣàì rí Ṣọ́ọ̀ṣì Kátídírà ti Kírísítì. Ilé náà jọ èyí tí a gbé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Nítorí náà, ó rọrùn láti rò pé kò kan olùkọ́ Yorùbá. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ó kàn wá gan-an.

Ní 1861 ni Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí Ìgà Ìdúngànràn wà, jẹ́ ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Àwọn Sàró wà ní Olówógbówó, àwọn Àgùdà wà ní Pópó Àgùdà. Marina, létí ọ̀sà, ni àwọn aṣojú ìjọba àti oníṣòwò Òyìnbó kọ́lé sí. Níbẹ̀ ni a fi òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ lélẹ̀ ní 1867. Ìsìn bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ ní 1869, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń ṣe é.

Ilé tí a ń wò lónìí ni èkejì. Bagan Benjamin ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó di Ọba Edward Kẹjọ lẹ́yìn náà ni ó fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 21 April, 1925. A parí rẹ̀ ní 1946. Irú ilé tí a ń pè ní Gothic ni. Orí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, bí ìgbà tí ènìyàn pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ láti gbàdúrà. Ṣóńṣó yìí kì í ṣe fún ẹwà nìkan: ó ń darí ìwúwo òkè sí ìsàlẹ̀, kì í sì í ti ògiri síta tó bí orí roboto ti ń ṣe. Ìdí nìyí tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi lè ga.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dún nínú ilé náà ṣe pàtàkì ju ògiri lọ. T. K. E. Phillips, tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ń tẹ dùùrù níbẹ̀ láti 1914 títí di 1962. Abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọrin ní kékeré. Ní àkókò yẹn, ohun orin Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà ń gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé nínú ìwé orin ìsìn. Bí orin bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ròkè, ọkọ́ tí a fi ń roko yóò di ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Nínú ìwé tí Phillips kọ lórí orin Yorùbá ní 1953, ó ṣàlàyé pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí orin wa tẹ̀ lé. Ó sì kọ orin ìsìn ní ìlànà yìí.

Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther náà wà níbẹ̀. Òun ni ó fi Yorùbá ṣe ìsìn ní Freetown ní 1844, òun ni ó sì ṣe alága ìpàdé tí a ṣe ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ó kú ní 31 December, 1891, a sì sin ín sí ibojì Àjẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ fi ilẹ̀ ibojì náà kọ́lé ní àwọn ọdún 1970, a kó egungun rẹ̀ lọ sí Kátídírà, a sì gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un ní 1976. Báyìí ni ilé tí a kọ́ fún ìsìn elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣe di ibi ìsinmi ẹni tí ó ṣe làálàá lórí àkọsílẹ̀ èdè wa.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ àwa olùkọ́ àti olùdánwò? Àwọn kan ka àmì ohùn sí ọ̀ṣọ́ lásán, wọn kì í sì í bìkítà bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá fi sí i. Phillips kò kà á sí ọ̀ṣọ́ nínú orin. Kò yẹ kí àwa kà á sí ọ̀ṣọ́ nínú ìwé. Bí a bá mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo Kátídírà, kí a fi gíga ilé hàn wọ́n, kí a sì sọ ti Phillips àti ti Crowther fún wọn pẹ̀lú.