Ìtàn Ìlú Wa Wà Nínú Téèpù: Bí Kámẹ́rà Fídíò Ṣe Dé Ọwọ́ Wa, àti Iṣẹ́ Tó Kù

 

Kí ẹ tó kà á tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ibi tí àwọn kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ wà nínú ilé yín. Bóyá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, bóyá orí wọ́dírọ́òbù màmá, bóyá inú páálí kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí láti ìgbà tí ẹ ti kó wọ ilé tuntun. Ìsìnkú bàbá àgbà wà níbẹ̀. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Ọdún ìlú wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà fídíò fún ìran tiwa ní ohun tí àrọ́bá nìkan ò lè fún wa: ojú àti ohùn àwọn tó ti lọ. Ohun náà ló fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àtàwọn tó ń ya fíìmù ló sábà máa ń ní ẹ̀rọ tó lè gba àwòrán tó ń rìn sílẹ̀. Èèyàn lásán ò dé ibẹ̀.

Ọdún 1975 ni Sony gbé kásẹ́ẹ̀tì Betamax jáde. JVC gbé VHS tiwọn jáde lọ́dún 1976. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni kámẹ́rà, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sórí téèpù: ẹ á gbé ọ̀kan lọ́wọ́, ẹ á fi èkejì kọ́ èjìká, wáyà á so méjèèjì pọ̀. Ọdún 1983 ni Sony pa méjèèjì pọ̀ sójú kan nínú Betamovie, òun sì ni kámkọ́dà àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fáwọn ará ilé. Síbẹ̀, kò lè fi ohun tó yà hàn padà. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé téèpù náà dé ìdí fídíò nílé kẹ́ ẹ tó rí i. Lọ́dún 1984, JVC gbé GR-C1 jáde tó ń lo VHS-C, kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n ń fi sínú àpótí kan kó tó lè wọ inú fídíò ńlá. Nígbà tó di 1985, Sony ti gbé Video8 dé.

Lọ́dọ̀ tiwa, VHS ló borí. Nígbà tí Living in Bondage jáde lọ́dún 1992, kásẹ́ẹ̀tì VHS ni wọ́n fi tà á, ọjà fídíò ilé sì gbòòrò gan-an lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà nígbà yẹn, ẹ ò ní gbàgbé onífídíò: kámẹ́rà ńlá lórí èjìká, ọmọṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbé iná tó mọ́lẹ̀ bí oòrùn, wáyà gígùn nílẹ̀. Bí iná yẹn bá ti tàn sí ìyàwó ilé kan lójú, gèlè á tò, ijó á yí padà!

Àìsàn kan wà lára VHS o. Bí ẹ bá da téèpù kọ sórí téèpù, ẹ̀dà kejì ò ní mọ́ tó ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta á tún burú sí i. Àwòrán á máa ṣe wúruwùru, ohùn á máa hó. Kí téèpù ìsìnkú kan tó dé ọwọ́ ọmọ àbíkẹ́yìn, ojú olóòkú lè ti di òjìji.

DÍGÍTÀ DÉ

Ọdún 1995 ni nǹkan yí padà. Àwọn ilé iṣẹ́ fẹnu kò sórí ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní DV. Sony gbé DCR-VX1000 jáde lọ́dún yẹn, Panasonic náà gbé tiwọn. Kásẹ́ẹ̀tì MiniDV ò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, síbẹ̀ ó ń gba wákàtí kan. Nọ́ńbà ló ń kọ sórí téèpù, kì í ṣe ìgbì bíi ti VHS. Nítorí náà, ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún lè rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Wáyà FireWire ló ń gbé e láti inú kámẹ́rà bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 1999, Sony fi Digital8 kún un, èyí tó ń kọ DV sórí kásẹ́ẹ̀tì Video8 àti Hi8.

BÍ WỌ́N ṢE Ń YAN ÁN

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn, àwọn èèyàn wa ní London àti Amẹ́ríkà ló ń gbé e bọ̀ wálé. Ibẹ̀ ni wàhálà PAL àti NTSC ti wọlé. Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì ń lo PAL: ìlà 625, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Amẹ́ríkà ń lo NTSC: ìlà 525, àwòrán bíi 30. Téèpù tí wọ́n bá fi kámẹ́rà Amẹ́ríkà yà lè dé inú fídíò wa kó máa yí sókè-sódò, tàbí kó di dúdú òun funfun. Tí ẹ bá ní téèpù kan nílé tẹ́ ẹ rò pé ó ti bàjẹ́, ó lè jẹ́ NTSC ni, kó má ní àrùn kankan.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n yàn, kò ní wo nọ́ńbà zoom ńlá tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Optical zoom ló ń wò, torí lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Digital zoom kàn ń fẹ àwòrán lójú ni. Á wò ó bóyá ihò máíkì wà. Bówó bá wà, á ra èyí tó ní CCD mẹ́ta, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù.

Bí wọ́n ṣe lò ó tún ṣe pàtàkì fún ìtàn ju bí wọ́n ṣe rà á lọ. Ẹni tó gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó dúró jẹ́ẹ́ títí bàbá fi parí oríkì, ìwé ìtàn ló kọ yẹn. Ẹni tó ń sáré zoom kiri, eruku ló yà. Ọ̀pọ̀ onífídíò sì máa ń gé téèpù, wọ́n á fi orin rẹ́kọ́ọ̀dù bo ohùn àwọn èèyàn mọ́lẹ̀. Nítorí náà, téèpù tí wọn ò tíì gé ló níyelórí jù: àwọn ìlù, àwọn àdúrà àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà wa wà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún déètì ara àwòrán pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ò ṣètò aago kámẹ́rà wọn rí, déètì yẹn lè parọ́.

OHUN TÓ KÙ KÁ ṢE

Fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kámkọ́dà báyìí. Sony dáwọ́ kásẹ́ẹ̀tì Betamax dúró lọ́dún 2016. Lọ́dún yẹn kan náà ni Funai ti Japan dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ fídíò VHS dúró. Kọ̀ǹpútà tuntun ò ní ihò FireWire mọ́. Téèpù wà lọ́wọ́ wa, àmọ́ ẹ̀rọ tó máa kà á ló ń tán lọ. Ọ̀rinrin àti ooru ilé wa náà ò sinmi. Bí àwa tá a mọ orúkọ àwọn tó wà nínú téèpù yẹn bá lọ tán, bí àwòrán náà bá tiẹ̀ mọ́, ta ni yóò sọ pé ẹni báyìí nìyí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe àwọn nǹkan yìí:

1. Ẹ kó téèpù yín jáde, ẹ kọ ayẹyẹ, ọdún àti orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tò wọ́n ní ìdúró síbi gbígbẹ.

2. Ẹ ṣẹ́ ike kékeré ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì VHS. Ti MiniDV àti Video8, ẹ ti bọ́tìnì rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má baà ya nǹkan mìíràn lé e.

3. Èyí tó bá hu funfun, ẹ má ti i bọ ẹ̀rọ. Yóò ba ẹ̀rọ jẹ́, á sì ran téèpù mìíràn. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n fọ̀.

4. Ẹ má ta kámẹ́rà àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Òun náà ni ẹ̀rọ tó máa ka téèpù yẹn. Àwọn Digital8 kan wà tó ń ka Video8 àti Hi8 àtijọ́ pẹ̀lú.

5. Wákàtí kan ni téèpù wákàtí kan máa gbà láti wọ kọ̀ǹpútà. Kò sí àbùjá. Ti MiniDV á gba ààyè tó bíi 13 GB. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà sí ibi mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kan wà níta ilé yín. WhatsApp kì í ṣe ibi ìpamọ́ o, ṣe ló ń fún fídíò pọ̀ tí ẹwà rẹ̀ fi ń lọ.

6. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà nígbà tẹ́ ẹ bá ń wò ó. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dárúkọ àwọn èèyàn.

Ẹni tó bá ní téèpù ọdún ìlú, ti ìwúyè, tàbí ti ìpàdé ẹgbẹ́ wa àtijọ́, kó sọ fún akọ̀wé ẹ̀ka rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kó jọ̀ọ́ dárúkọ ara rẹ̀ nínú group. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: àwọn ọmọ wa mọ kọ̀ǹpútà, àwọn àgbà wa mọ orúkọ.

Ìlú wa á máa gbèrú. Àṣẹ.