Ìdí Kóńgò: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ̀kọ́ Olùyẹ̀wò Òṣùwọ̀n Ti Bẹ̀rẹ̀

Láti ọdún 1974 ni Òfin Ìwọ̀n àti Òṣùwọ̀n ti wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó ní ẹ̀ka tirẹ̀ lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò, ó sì ní àwọn olùyẹ̀wò tó láṣẹ láti yẹ òṣùwọ̀n ọlọ́jà wò. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọ ọjà láti Ìbàdàn títí dé Adó-Èkìtì, kóńgò ni yóò bá nídìí àtẹ oníẹ̀wà, dẹ́ríkà nídìí ẹlẹ́gúsí, ike péǹtì nídìí onígàrí. Sìkéèlì? Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta adìyẹ àti ẹja inú fíríìsà la ti sábà máa ń rí i. Ohun tí mo fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí jà fún ni pé ẹ̀kọ́ olùyẹ̀wò kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí sìkéèlì. Ìdí kóńgò ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí náà dáadáa. Bí kóńgò kan bá jìn ní sẹ̀ǹtímítà 12, tí wọ́n wá fi òòlù lu gbogbo ìdí rẹ̀ wọnú ní sẹ̀ǹtímítà kan péré, ìdá kan nínú méjìlá ti lọ. Ẹni tó ra kóńgò méjìlá fún ìnáwó, mọ́kànlá ló gbé délé. Ojú kì í tètè rí i, nítorí ẹnu kóńgò ni oníbàárà ń wò, bóyá ó ga, bóyá ó ń dà sílẹ̀. Mo dúró nídìí àtẹ kan rí n'Ìbàdàn, tí ìyá oníẹ̀wà ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí kóńgò mọ́ra bí ẹni ń kọ ebè, tó tún wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e: "Ẹ gba èènì yín, ẹ̀gbọ́n." Mo dúpẹ́ gan-an. Ìgbà tí mo délé, tí mo da ẹ̀wà náà sínú kóńgò tiwa, ló tó yé mi pé nínú owó mi ni èènì ọ̀hún ti jáde.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú kó kóńgò dànù, kí gbogbo ọjà máa lo sìkéèlì. N kò fara mọ́ ọn. Sìkéèlì náà ń purọ́, irọ́ tirẹ̀ sì ṣòro fún oníbàárà láti mú ju ti kóńgò lọ, nítorí inú ẹ̀rọ ló wà. Àgbẹ̀ kòkó mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Kí ìjọba tó tú àjọ kòkó ká lọ́dún 1986, àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń ra kòkó ló ni sìkéèlì; àgbẹ̀ tó ru àpò dé kò ní nǹkan tí yóò fi dá a lóhùn. Lọ́jà, òṣùwọ̀n èké máa ń sọ díẹ̀ di púpọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ra kòkó, ńṣe ló ń sọ púpọ̀ di díẹ̀. Olùyẹ̀wò tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo yóò kọjá lára ìkejì, yóò tún kí onísìkéèlì kú iṣẹ́.

Èyí kò ní ká fojú di ìmọ̀ sìkéèlì. Àjọ OIML, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1955 fún ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n lágbàáyé, ti la ọ̀nà sílẹ̀. Irin ìwọ̀n kìló kan tí olùyẹ̀wò sábà máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ìpele M1, àṣìṣe rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa lọ síwájú irin tó péye jù ú lọ fún àyẹ̀wò. Níbi epo bẹntiróòlù, àyè àṣìṣe tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kò ju ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ: mílílítà 100 nínú lítà 20. Agolo tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ọrùn tóóró, kí ìwọ̀nba epo tó dín lè hàn ketekete. Wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ fi epo rin inú agolo náà, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n tó wọn nǹkan kan. Bí inú rẹ̀ bá gbẹ, èyí tó lẹ̀ mọ́ ara agolo yóò sọ aláìṣẹ̀ di olè. Irú nǹkan kékeré báyìí ni mo ń pè ní ẹ̀kọ́.

Ọgbọ́n kan náà la lè gbé bá kóńgò. Kí olùyẹ̀wò pọn omi kún un dé ẹnu, kó dà á sínú ife tó ní àmì lítà, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Orí kóńgò ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó fẹ́ kí òfin de gbogbo nǹkan. Orí gàrí máa ń ga ju orí ìrẹsì lọ, ọwọ́ ẹnìkan sì yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Kí ìjọba lu òǹtẹ̀ sí ara kóńgò tó pé dé ẹnu, kó fi orí rẹ̀ àti èènì sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Òṣùwọ̀n ọkà tí ìwé àdéhùn Magna Carta ní kó jẹ́ ọ̀kan náà jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1215, òṣùwọ̀n bíbù ni, ọmọ ìyá kóńgò. Lónìí, lábẹ́ òfin wọn ti 1985, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò lè ṣe iṣẹ́ olùyẹ̀wò òṣùwọ̀n níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwà. Àwọn àgbà wa kò tíì gbàgbé wolé-wolé, olùyẹ̀wò ìmọ́tótó tí gbogbo àdúgbò máa ń sá fún. Olùyẹ̀wò tó bá fi aṣọ iṣẹ́ àti ariwo wọ ọjà, kó tó dé ìlà kejì, kóńgò tó lábùkù ti wọ abẹ́ tábìlì, èyí tó pé ti jókòó sórí àtẹ. Kí wọ́n kọ́ ọ láti kọ́kọ́ lọ bí oníbàárà, kó kí wọn pé ajé á wọgbá, kó rajà, kó sanwó, kó tó fi ara rẹ̀ hàn níwájú ìyálọ́jà. Kí wọ́n sì kọ́ ọ láti béèrè ibi tí oníṣòwò ti ra àpò tirẹ̀. Nígbà mìíràn, àpò náà ti dín láti ọ̀dọ̀ alágbàtà, ìdí kóńgò ni oníṣòwò náà sì ti ń wá owó rẹ̀ padà. Ẹni tó bá gba kóńgò lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò tọ àpò lọ, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn olùyẹ̀wò tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí sìkéèlì dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ kó kóńgò mẹ́wàá wá láti inú ọjà, ẹ gbé garawa omi kan tì wọ́n, kí ẹ sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá èyí tó pé nínú wọn.