Ìjàǹbá Ọkọ̀ Òfurufú Ológun ní Èjìgbò àti Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun

Ìjàǹbá Èjìgbò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992. Ọkọ̀ òfurufú C-130 ti àwọn ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà gbéra ní Ìkẹjà, kò sì rìn jìnnà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Inú àbàtà Èjìgbò ní Èkó ló já sí. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 150, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yè. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jàjí, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Àwọn ọmọ Gánà àti ti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà wà láàárín wọn.

Láti Abúlé Ẹ̀gbá wa níbí, ẹni tó bá gba Ìyànà Ìpájà, Ẹgbẹ́dá àti Ìdímù kọjá sí Ìkòtún, ti dé ẹnu ààlà Èjìgbò. Àdúgbò wa ni wọ́n kú sí.

Ojú ogun kọ́ ni ikú ti bá wọn. Àwọn kan lè torí èyí fojú kékeré wo ikú wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú ló kó wọn wọ ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá wọ aṣọ ogun ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ìlú lọ́wọ́ kó tó gbọ́ ìró ìbọn rárá. Ẹ̀tọ́ wọn sí ìrántí kò kéré sí ti ẹni tó kú ní Bọ́mà, ní Làìbéríà tàbí nínú igbó Sàḿbísà.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ni Nàìjíríà fi ń rántí gbogbo wọn. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni tẹ́lẹ̀, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yí i padà nítorí pé ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970 ni Bìáfírà túúbá ní Dòdán Bárékè, Ìkòyí. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á fun fèrè, wọ́n á fi òdòdó sílẹ̀ fún àwọn òkú, wọ́n á yin ìbọn nígbà 21, wọ́n á sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn á ti máa fi àmì ìrántí há àyà, owó rẹ̀ sì wà fún ìrànlọ́wọ́ àwọn sójà àtijọ́ àti ìdílé àwọn tó kú.

Ayẹyẹ náà dára, ṣùgbọ́n opó ni ìrántí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn. Owó ilé ìwé ọmọ kì í dúró de oṣù Kìíní. Bí ẹ bá mọ opó sójà kan ládùúgbò yín, ẹ yà sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe sí.