Láti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Dé Orí Ìwé: Bí Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Òkèèrè Ṣe Ń Mú Ọ̀dọ́ ní Johannesburg

Mayfair wà ní ìwọ̀ oòrùn àárín ìlú Johannesburg, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fordsburg. Àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun ló kún ibẹ̀ látijọ́. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ìdílé tí baba ńlá wọn wá láti Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọ ibẹ̀, bí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà tilẹ̀ kọ̀ ọ́. Nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kógbá sílé, àwọn ará Sòmálíà àti Etiópíà tí ogun àti ìyà lé kúrò nílé dara pọ̀ mọ́ wọn, títí Eighth Avenue fi di ojú ọjà àwọn ará Sòmálíà. Bí ọmọ ọdún 14 bá ti Mogadishu bá ìyá rẹ̀ wá sí àdúgbò yìí ní ọdún méjì sẹ́yìn, tó sì mọ bọ́ọ̀lù gbá, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé òfin FIFA lórí ọmọdé tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Kò tíì pé ọdún 18, kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, kò sì tíì lo ọdún 5 ní Gúúsù Áfíríkà.

Òfin yìí ń béèrè ìwé kí wọ́n tó forúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìlú kan náà tí wọ́n ti ń béèrè ìwé yìí lónìí ni àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń mú agbábọ́ọ̀lù lọ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Láyé ọjọ́un, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo tó láti gbé ọ̀dọ́ kọjá òkun. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe di ìwé ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ìwé ló sàn fún ọmọ.

Ní 1924, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Gúúsù Áfíríkà tí kì í gbowó lọ ṣe ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Ọkọ̀ ojú omi láti Cape Town dé Southampton ń lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nígbà náà, nítorí náà ẹlẹ́bùn ló lọ bá ẹni tó ń wá ẹlẹ́bùn, kì í ṣe òdìkejì. Liverpool wò wọ́n, ó sì mú méjì ní 1925: Gordon Hodgson, ọmọ Johannesburg, àti Arthur Riley, aṣọ́lé tó wá láti Boksburg. Góòlù 241 ni Hodgson gbá wọlé fún Liverpool, 36 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti líìgì ní sáà 1930 sí 1931 nìkan. Nígbà tí ẹni méjì bá ṣe dáadáa báyìí, ojú ọ̀nà ti là nìyẹn. Ní 1933, Berry Nieuwenhuys àti Lance Carr tẹ̀lé wọn lọ sí Liverpool. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Jimmy Seed tó jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Charlton Athletic náà sọ Gúúsù Áfíríkà di oko tó ti ń kórè, ibẹ̀ ló sì ti rí Eddie Firmani, Stuart Leary àti John Hewie.

Nínú gbogbo wọn, ìtàn Bill Perry ló fi iṣẹ́ náà hàn jù. Johannesburg ni wọ́n bí i sí ní 1930, ẹgbẹ́ Johannesburg Rangers ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Billy Butler ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Rangers. Butler àti Joe Smith ti jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bolton Wanderers nígbà èwe wọn, Joe Smith yìí ló sì ń darí Blackpool lásìkò náà. Ọ̀rẹ́ bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, Blackpool sì mú Perry lọ ní 1949. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1953, ní àṣekágbá ife ẹ̀yẹ FA tí gbogbo ayé ń fi orúkọ Stanley Matthews pè, Matthews gbé bọ́ọ̀lù náà sẹ́yìn nígbà tí àkókò ti tán, Perry sì gbá a wọlé. Blackpool 4, Bolton 3. Ẹgbẹ́ tí Smith àti Butler ti jọ ṣiṣẹ́ rí ni ọmọ tí Butler júwe fà lulẹ̀.

Àbùkù ọ̀nà yìí ni pé ẹni tí onítọ̀hún bá mọ̀ nìkan ló lè júwe. Ní Johannesburg ìgbà yẹn, pápá àwọn aláwọ̀ dúdú yàtọ̀, líìgì wọn yàtọ̀, àwọn tó sì mọ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà dúró létí pápá wọn. Steve Mokone, tí wọ́n bí ní Doornfontein ní 1932, ló kọ́kọ́ já àjàgà yẹn. Ìjọba fi ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà rẹ̀ falẹ̀ fún bí ọdún kan kó tó rí ọ̀nà lọ sí Coventry City ní 1955; láti ibẹ̀ ló ti lọ sí Heracles ní ìlú Almelo ní Netherlands, níbi tí wọ́n ti mọ iyì rẹ̀. Gerry Francis, ọmọ Johannesburg, wọ Leeds United ní 1957.

Albert Johanneson dé Leeds ní 1961. Germiston, nítòsí Johannesburg, ni wọ́n bí i sí, olùkọ́ ilé ìwé kan ló sì júwe rẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lápá òsì pápá débi pé àwọn tó ń ṣọ́ ọ kì í fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé kò kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, gbogbo agbábọ́ọ̀lù Leeds máa ń wọ inú ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá kan ṣoṣo. Johanneson dúró létí rẹ̀, kò wọ̀ ọ́, torí ó rò pé èèwọ̀ ni kí dúdú bá funfun wẹ̀, àfi ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jù sínú omi. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 1965, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù ní àṣekágbá ife ẹ̀yẹ FA, bí Liverpool tilẹ̀ borí wọn ní 2 sí 1. Lẹ́yìn tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ọtí àti òṣì ló bá a jà, òun nìkan ló sì wà nínú ilé rẹ̀ ní Leeds nígbà tó kú ní 1995. Èmi ò lè ka ìtàn yìí tán kí inú mi dùn sí pé wọ́n rí i. Ẹgbẹ́ náà mọ bí a ti ń wá ẹlẹ́bùn, ṣùgbọ́n kò sí ètò kankan láyé ìgbà yẹn tó ń béèrè pé kí ni yóò jẹ́ ti ọmọ náà lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ̀.

Ọ̀nà ìrìn àjò bíi ti 1924 náà ni Nàìjíríà gbà wọlé. Ní 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa tí a ń pè ní UK Tourists lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìwọ bàtà. Tesilimi Balógun, Thunder, wà lára wọn. Ní 1955 ó padà lọ, ní 1956 ó sì wọ Queens Park Rangers. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè.

Nígbà tí FIFA ti Gúúsù Áfíríkà síta ní 1961, tó sì tún tì í síta ní 1964, ọ̀nà ọjọ́un dí. Ẹni tó bá fẹ́ wo ẹlẹ́bùn Soweto ní láti gba ibòmíràn yọ. Phil Woosnam, ará Wales tó ń darí Atlanta Chiefs ní Amẹ́ríkà, wá ẹlẹ́bùn dé Lusaka ní Zambia, ibẹ̀ ló sì ti rí ọ̀dọ́ Orlando Pirates kan tó ń jẹ́ Kaizer Motaung. Motaung gbá bọ́ọ̀lù ní Atlanta ní 1968, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀dọ́ tó tayọ jù nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì náà lọ́dún yẹn. Ó padà sílé, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní 1970. Kaizer Chiefs ni. Nínú gbogbo ìtàn yìí, èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni tí wọ́n mú lọ ló mú ìmọ̀ padà wálé, tó sì fi orúkọ ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè sọ ti àwọn ènìyàn rẹ̀. Jomo Sono náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bá New York Cosmos gbá bọ́ọ̀lù ní 1977, ó padà dá Jomo Cosmos sílẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì di ibi tí Aaron Mokoena gbà kọjá sí Yúróòpù.

FIFA ṣí ilẹ̀kùn padà ní 1992. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Leeds mú Lucas Radebe láti Kaizer Chiefs ní 250,000 pọ́n-ùn. Ó di balógun ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù kò fẹ́ máa dúró de ẹni tó ti gbó mọ́. Wọ́n fẹ́ ọmọdé. Ajax ti Amsterdam lọ bá àwọn ará Gúúsù Áfíríkà dá Ajax Cape Town sílẹ̀ ní 1999 kí wọ́n lè máa tọ́ ọmọ níbẹ̀ fúnra wọn. Steven Pienaar, ọmọ Westbury, àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Mayfair, kọ́ bọ́ọ̀lù ní ilé ìwé bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní School of Excellence, ó kọjá sí Ajax Cape Town, ó sì dé Amsterdam ní 2001. John Obi Mikel tiwa, tó jáde láti akádẹ́mì Pepsi, lo oṣù díẹ̀ ní Ajax Cape Town kan náà kó tó lọ sí Lyn ní Oslo. Kò tíì ju ọdún 18 lọ tí Manchester United àti Chelsea fi du ara wọn mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 2005. Nígbà tí ìjà náà parí ní 2006, Chelsea gbà láti san mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn fún United àti mílíọ̀nù 4 fún Lyn.

Owó tó pọ̀ tó báyìí ló fa òfin. Láti 2001 ni FIFA ti sọ pé kí ẹgbẹ́ má ṣe mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àfi bí àwọn òbí rẹ̀ bá ṣí lọ fún ìdí tí kò kan bọ́ọ̀lù, tàbí bí ó bá ti pé ọdún 16 tó sì ń lọ láàárín Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tàbí bí ilé rẹ̀ àti ẹgbẹ́ náà bá sún mọ́ ẹnubodè. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ báyìí fún ọmọ tó sá kúrò nílùú rẹ̀ nítorí ewu ẹ̀mí, èyí tó kan àwọn ọmọ Mayfair gan-an. Òfin náà kì í ṣe ti ẹnu lásán: FIFA fi ìyà jẹ Barcelona ní 2014, Real Madrid àti Atlético Madrid ní 2016, àti Chelsea ní 2019. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021 tí Brexit ti múlẹ̀, ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kò tiẹ̀ lè mú ọmọ ọdún 16 láti Faransé mọ́.

Òfin kejì tó ń ṣe ilẹ̀ wa láǹfààní ni ti ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Láti 2022, ilé iṣẹ́ kan tí FIFA dá sílẹ̀ ní Paris ló ń pín owó wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ kò ní rí kọ́bọ̀, bó ti wù kó jẹ́ pé àwọn ló kọ́ ọ bí a ti ń gba bọ́ọ̀lù sáyà. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ kóòṣì àdúgbò, ní Johannesburg àti ní Èkó, ń fi ọwọ́ ara wọn ju owó yìí nù nítorí fọ́ọ̀mù tí wọn kò kọ.

Johannesburg fúnra rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń wá láti òkèèrè. Kaizer Chiefs mú Daniel Akpeyi, aṣọ́lé wa, láti Chippa United ní 2019. Orlando Pirates mú Olisa Ndah láti Akwa United ní 2021. Níbi tí òkìkí bẹ́ẹ̀ bá dé, àwọn oníjìbìtì kì í jìnnà. Jean-Claude Mbvoumin, ọmọ Cameroon tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, dá Foot Solidaire sílẹ̀ ní Paris ní 2000 nítorí àwọn ọmọ Áfíríkà tí éjẹ́ǹtì kó lọ tí wọ́n sì pa tì sójú pópó. Lónìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é: lẹ́tà tó ní àmì ẹgbẹ́ ńlá lórí, orúkọ ọmọ rẹ tí wọ́n kọ dáadáa, àti owó físà tí wọ́n ní kó o san kíákíá kí àyè má bàa bọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹgbẹ́ kan ní London fẹ́ gba ọmọ yín tí kò tíì pé ọdún 18, irọ́ ni, àfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá ti ń gbé ibẹ̀ fún ìdí mìíràn. Ẹ má san owó ìdánwò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ éjẹ́ǹtì náà, kí ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó dárúkọ ní tààrà, kí ẹ sì rí i pé ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ọmọ yín nílé ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù kó tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní sáà tó ń bọ̀.