Àwọn Àlejò Tí Ó Padà Wá Sílé: Sàró àti Àgùdà ní Èkó



Ní ọjọ́ kan, mo ń pe orúkọ nínú kíláàsì mi. Mo pe Adéyẹmí, ó dáhùn. Mo pe Òjó, ó dáhùn. Mo wá pe ọmọkùnrin kan tí orúkọ bàbá rẹ̀ jẹ́ orúkọ àwọn ará Pọtogí. Kí ó tó la ẹnu, ọmọ kan ti kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Tíṣà, àjèjì nìyẹn!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà dìde, ó ní, "Ẹ̀gbá ni bàbá ńlá mi, sà." Ẹ̀rín tún sọ. N kò na ẹnikẹ́ni. Mo pa ìwé ìṣirò tí ó wà níwájú mi dé, mo sì sọ ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí fún wọn.

Inú ogun ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ nípa ogun tí ó fọ́ Òwu àti àwọn ìlú Ẹ̀gbá, tí ó sì tú Ọ̀yọ́-Ilé ká, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ogun wọ̀nyí kó àìmọye ọmọ Yorùbá lẹ́rú. A kó àwọn mìíràn dé Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, a kó àwọn mìíràn dé Kúbà. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì a máa mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọn a sì já àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ó sì bọ́ ní 1822. Òun náà ni a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Àwọn ará Freetown sọ àwọn ènìyàn wa ní Akú, nítorí pé ìkíni kò kúrò lẹ́nu wọn: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó.

Wọ́n rí ilé gbé níbẹ̀, wọ́n rí iṣẹ́ ṣe, wọ́n mọ ìwé, síbẹ̀ ilé ń pe wọ́n. Ní 1839, àwọn kan nínú wọn dá owó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ ẹrú kan tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, wọ́n sọ ọ́ ní Queen Victoria, wọ́n sì wọ̀ ọ́ wá sí Àgbádárìgì. Ẹ rò ó wò: irú ọkọ̀ tí ó gbé wọn lọ nínú ìdè ni wọ́n fi owó ara wọn rà padà wá sílé. Èkó kò rọgbọ fún àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n gba ẹrù lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ gbà, wọ́n sì ti ibẹ̀ gòkè lọ sí Abẹ́òkúta.

Èmi kò fara mọ́ àwọn ìwé tí ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn òyìnbó àlùfáà kàn ṣàdédé rántí wa. Àwọn Sàró ni ó ránṣẹ́ sí Freetown pé kí wọ́n wá fi olùkọ́ ṣọwọ́ sí àwọn. Lẹ́yìn èyí ni Thomas Birch Freeman, ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dé Àgbádárìgì ní 1842, tí Henry Townsend sì wọ Abẹ́òkúta ní oṣù January 1843. Crowther fúnra rẹ̀ dé Abẹ́òkúta ní 1846, ibẹ̀ ni ó sì ti tún fojú kan Àfàlà ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n.

Ọ̀nà Èkó là lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní oṣù December 1851, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Láti 1852 ni àwọn Sàró ti ń ya wọ ìlú, wọ́n sì tẹ̀dó sí Olówógbowó. Àwọn tí ó ti Bùràsíìlì dé, tí a ń pè ní Àgùdà, ní àdúgbò tiwọn, Pópó Àgùdà. Lára wọn ni àwọn tí ìjọba Bahia lé jáde lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì níbẹ̀ ní 1835. Àwọn mìíràn fi òógùn ojú ra ara wọn padà, wọ́n tọ́jú owó ọkọ̀, wọ́n sì wá. Títí lẹ́yìn 1888, ọdún tí Bùràsíìlì fi òpin sí oko ẹrú, ni wọ́n ṣì ń dé.

Àwọn Sàró àti Àgùdà kò pọ̀ tó àwọn ọmọ onílẹ̀ rárá. Ní 1866, nígbà tí ìjọba ka àwọn ará Èkó, gbogbo ìlú kò ju bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kó bọ̀ ju iye wọn lọ: àwọn Sàró kó ìwé bọ̀, àwọn Àgùdà kó iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé ná, nítorí òun ni iṣẹ́ mi. Ní ọjọ́ 6 oṣù June 1859, Thomas Babington Macaulay ṣí CMS Grammar School ní Èkó. Ọmọ tí àwọn òbí Yorùbá bí sí ilẹ̀ Sàró ni, ọkọ ọmọ Crowther sì ni pẹ̀lú. Ọmọkùnrin mẹ́fà péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó fi £50 ràn án lọ́wọ́ láti ra ìwé àti ohun èlò ni James Pinson Labulo Davies, Sàró bíi tirẹ̀, ògbójú atukọ̀ àti oníṣòwò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Davies yìí sọ́kàn, a óò tún bá a pàdé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ìtàn àti èdè Látìn. Àwọn tí ó jáde níbẹ̀ di akọ̀wé ní ilé ìṣòwò àti ní ọ́fíìsì ìjọba, àwọn mìíràn di olùkọ́ àti àlùfáà. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn ọmọkùnrin ní 1878, wọ́n sì ṣí ti àwọn ọmọbìnrin ní 1879.

Èdè Yorùbá tí ẹ ń kà yìí náà wà lára ẹrù tí wọ́n gbé bọ̀. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ àti gírámà Yorùbá jáde ní 1843, kí ó tó padà fojú kan ilé. Ní 1875, wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a óò ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Samuel Johnson, tí ó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí, ilẹ̀ Sàró ni a bí i sí ní 1846.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ṣí fún. Ọwọ́ àwọn ìjọ Kristẹni ni ilé-ẹ̀kọ́ wà. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ gan-an ní Èkó, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá wọ ibẹ̀, ó lè má padà wá sí mọ́ṣáláṣí mọ́. N kò dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí ó di 1896 ni ìjọba tó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí, ó sì di 1923 kí a tó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀. Ìran kan gbáko ti kọjá. Ọmọ Sàró ti di lọ́yà àti dókítà nígbà tí ọmọ onílẹ̀ ṣì ń wá ẹni tí yóò bá a ka lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún bí wọn nínú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí àwọn àlejò tó dé, ìdílé ni ó ni ilẹ̀, a kì í tà á. Ìwé ni àwọn Sàró mọ̀, wọ́n sì fẹ́ ìwé lé ilẹ̀ wọn. Nígbà tí Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́ ni kóòtù ń dá láre. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó ya àlejò ní ilẹ̀ gbé wá rí i pé ilẹ̀ ti bọ́.

Ní ti àwọn Àgùdà, ẹ kàn rìn yí ká Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ gbé ojú sókè. Bíríkìlà, káfíńtà àti télọ̀ pọ̀ nínú wọn. Mọ́ṣáláṣí Shitta tí a ṣí ní 1894 ni mo fẹ́ràn jù láti fi ṣe àpẹẹrẹ: Mohammed Shitta, Mùsùlùmí tí a bí ní ilẹ̀ Sàró, ni ó ná owó rẹ̀, João Baptista da Costa, tí ó jẹ́ Àgùdà, ni ó kọ́ ọ. Àwọn ọmọ onílẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olódòdó lára ògiri ṣe dé Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn àti Iléṣà. Ìdílé da Rocha, tí orírun wọn jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, gbẹ́ kànga sí òpópónà Kakawa, wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú, ni a fi ń pe ilé náà ní Ilé Omi. Títí di òní, Ìjọ Àgùdà ni a ń pe ìjọ Kátólíìkì. (Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ frẹ́jọ̀n, ẹ̀wà oní-mílíìkì àgbọn, ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, ẹ mọ̀ pé wọ́n tún kó nǹkan mìíràn bọ̀.)

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Davies. Òwò rẹ̀ bàjẹ́ ní àárín 1870 sí 1880, gbèsè wọ̀ ọ́ dé ọrùn. Ẹlòmíràn ìbá lọ fi ara pamọ́. Davies lọ sí Ìjọ̀n, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, ó sì gbin kòkó tí irúgbìn rẹ̀ ti Fernando Po wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn bíi J. K. Coker dá oko kòkó ńlá sí Agége. Àwọn lébìrà tí ó wá láti òkè wá ṣiṣẹ́ ní oko wọ̀nyí kò padà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n mú irúgbìn dání, wọ́n sì mú ọgbọ́n bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, kòkó sì rí ọ̀nà dé etí òkun. Àwọn ará Ìbàdàn, Ifẹ̀, Oǹdó àti Iléṣà wọ inú igbó lọ gbin tiwọn.

Owó kòkó yìí wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní oṣù January 1955. Ní 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà tó bí 457,000. Ní 1955, wọ́n lé ní 811,000. Ọkùnrin tí ó fi £50 ran ọmọ mẹ́fà lọ́wọ́ ní 1859 ti kú ní 1906, kò sì rí ọ̀kankan nínú wọn.

Èkó náà kò dúró bákan náà. Nígbà tí wọ́n fọ́ ilé àwọn onígbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta ní 1867, tí a ń pè ní Ìfọ́lé, ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá sá wá tẹ̀dó sí Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin àti ti èbúté dé lẹ́yìn wọn. Ní 1911, Èkó ti lé ní 73,000 ènìyàn. Ní 1931, 126,000. Ní 1963, ó ti lé ní 665,000. Ọmọ pọ̀ ju kíláàsì lọ, títí ó fi di pé àwọn kan ń lọ ní àárọ̀, àwọn kan ń lọ ní ọ̀sán, kí ìjọba Jakande, tí ó gorí oyè ní 1979, tó kọ́ kíláàsì púpọ̀, tó sì fi òpin sí i.

Bí mo ṣe parí ìtàn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni agogo lù. Ní ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ gbé ohun kan tí a fi aṣọ wé wá. Irin tí àwọn bíríkìlà fi ń kun ògiri ni, ó ti gbó, èèkù rẹ̀ sì ti ń dán nítorí ọwọ́. Ó ní ti bàbá bàbá òun ni. Ọmọ tí ó pè é ní àjèjì ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́ gbà á, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń béèrè pé ilé wo ni wọ́n fi kọ́. Ní ọjọ́ náà pẹ̀lú, a kò rí ìṣirò ṣe.